Ajá Tí A Tú Okùn Rẹ̀ Lórí Òkè East Bay

Ohun kan wà tí ó máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ lọ bẹ ọmọ wọn wò ní ìlú Oakland tàbí Berkeley, ní ìpínlẹ̀ California ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, wọn a rí àgbàlagbà ọkùnrin àti obìnrin, àwọn ènìyàn pàtàkì tí wọ́n ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, tí wọ́n ń gbé ajá wọn sínú ọkọ̀, tí wọ́n di omi àti àwo ìmumi fún un bí ẹni pé ọmọ ni, tí wọ́n sì gbéra lọ sí orí òkè. Ìyá yóò béèrè pé, “Ṣé ọdẹ ni wọ́n ń lọ ṣe ni?” Ọmọ yóò dáhùn pé, “Rárá o, Màmá, wọ́n kàn ń bá ajá rìn ni.” Ìdáhùn yìí kì í tẹ́ ìyá lọ́rùn.

Kò sì yẹ kí a bá a wí. Ní ilẹ̀ wa, ajá tí ó bá wọ igbó, iṣẹ́ ni ó bá lọ. Ọdẹ ni ó ń tẹ̀ lé. Ọdẹ a so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn kí ó lè mọ ibi tí ó wà nínú igbó dídí, a sì mú fèrè dání tí yóò fi pè é padà. Kò sí ẹni tí ń rìn fún ìgbádùn nínú àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo ohun tí àwọn ará East Bay ń ṣe lórí òkè wọn yóò rí i pé ọgbọ́n ọdẹ ni wọ́n ń lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í pa ẹran kankan bọ̀. Gbogbo òmìnira tí a fún ajá níbẹ̀ rọ̀ mọ́ ohun kan ṣoṣo, èyíinì ni pé kí ó gbọ́ nígbà tí a bá pè é. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Nípa èyí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ọmọ yín ti di alájá ní òkè òkun, àti ẹ̀yin ọmọ náà pẹ̀lú.

Apá ìlà oòrùn ọ̀sà San Francisco ni à ń pè ní East Bay. Lẹ́yìn àwọn ìlú tí ó wà ní etí ọ̀sà náà ni ọ̀wọ́ òkè kan nà lọ láti àríwá dé gúúsù. Ní ìgbà kan rí, ilé-iṣẹ́ omi ni ó ni ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ orí òkè wọ̀nyí, nítorí omi òjò tí ń ṣàn láti ibẹ̀ wọ inú adágún omi mímu. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kò nílò gbogbo rẹ̀ mọ́, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí a má ṣe tà á fún àwọn tí ń kọ́lé. Ní ọdún 1930, Olmsted Brothers, àwọn olùṣètò ọgbà tí òkìkí wọn kàn ní Amẹ́ríkà, àti Ansel Hall kọ ìwé kan láti fi hàn bí a ti lè sọ ilẹ̀ náà di ọgbà ìgbafẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ní oṣù November ọdún 1934 ni àwọn ará ìlú wá dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ rántí irú ọdún tí èyí jẹ́. Owó wọ́n ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àìríṣẹ́ṣe gba ìlú kan, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn gbà pé kí a bu owó orí lé àwọn kí a lè ra òkè àti igi. A kò mọ̀ bóyá àwa yóò ti lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1936 a ṣí àwọn ọgbà àkọ́kọ́, lára wọn ni èyí tí à ń pè ní Tilden lónìí. Ní ìsinsìnyí àwọn ọgbà náà ti ju 70 lọ, ilẹ̀ wọn ju 120,000 éékà lọ, ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó wà nínú wọn sì ju 1,200 máìlì lọ.

Ohun tí ó mú kí àwọn alájá fẹ́ràn ọgbà wọ̀nyí ni pé ọgbà gbangba mìíràn ní Amẹ́ríkà kì í sábà gbà wọ́n bẹ́ẹ̀. Ní Yosemite, ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, ajá kò gbọdọ̀ gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀. Ojú títì tí a ti fi ọ̀dà bò àti ibi tí a ń pàgọ́ sí ni a gbà á láàyè dé, pẹ̀lú okùn ní ọrùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọgbà tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ California náà kò fẹ́ kí ajá tẹ ọ̀nà ẹsẹ̀ wọn rárá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ gbé ajá rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn lọ sí irú ibẹ̀ láìbéèrè, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti padà.

Ṣùgbọ́n òfin East Bay yàtọ̀. Ní ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí, ní ibi tí àwọn ènìyàn ti ń jókòó jẹun lórí koríko, àti láàárín 200 ẹsẹ̀ bàtà sí ibi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, okùn gbọ́dọ̀ wà ní ọrùn ajá, okùn náà kò sì gbọdọ̀ gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Bí a bá ti kọjá ibẹ̀, tí a wọ inú pápá àti igbó tí a kò tún ṣe, a lè tú okùn náà, bí ajá bá wà lábẹ́ àṣẹ olówó rẹ̀, tí olówó rẹ̀ sì mú okùn dání. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ kó ju ajá mẹ́ta lọ láìgba ìwé àṣẹ. Àwọn ibì kan wà tí okùn kò gbọdọ̀ kúrò ní ọrùn, àwọn mìíràn sì wà tí ajá kò gbọdọ̀ dé rárá, bí àwọn etí omi tí ènìyàn ti ń lúwẹ̀ẹ́ àti àwọn àbàtà tí ẹyẹ ń yé sí. Ohun tí a kọ sí pátákó ẹnu ọ̀nà ni ó lágbára jù, kí a kà á kí a tó tú ajá. Kí a sì mọ̀ pé ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ omi ṣì bá ọgbà wọ̀nyí pààlà ní ọ̀pọ̀ ibi, òfin ibẹ̀ nípa ajá sì le ju èyí lọ. Ẹni tí ó bá gba ẹnu ọ̀nà kan kọjá láìwo pátákó lè ti kúrò ní ọgbà kí ó má mọ̀.

“Lábẹ́ àṣẹ.” Nínú gbólóhùn yìí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ajá wo ni ó wà lábẹ́ àṣẹ? Kì í ṣe ajá tí ó ní ìwà pẹ̀lẹ́ ní ilé. Kì í ṣe ajá tí ó mọ̀ bí a ti ń jókòó nígbà tí a bá fi ẹran hàn án. Ajá tí ó wà lábẹ́ àṣẹ ni èyí tí ó rí àgbọ̀nrín tí ń sá lọ ní iwájú rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná láti lé e, tí ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì yí padà. Irú ajá bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, a kì í sì í bí ajá bẹ́ẹ̀. A ń kọ́ ọ ni. Àwa rò pé nínú àwọn ajá tí a ń tú sílẹ̀ lórí òkè wọ̀nyí, kò kéré ní iye àwọn tí ó yẹ kí okùn ṣì wà ní ọrùn wọn.

Inú ilé ni ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní ibi tí kò sí ohun tí ó lè gba ọkàn ajá. A ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà nígbà gbogbo. Bí ó bá wá, a ó fún un ní ẹran díẹ̀ lójú ẹsẹ̀, a ó sì yìn ín. Bí kò bá wá, a kò gbọdọ̀ máa pè é ṣáá, nítorí ajá tí a pè nígbà mẹ́wàá kí ó tó dáhùn ti kọ́ pé mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ kò já mọ́ nǹkan. Ẹ jẹ́ kí a lọ mú un, kí a sì tún bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí ó rọrùn jù. Láti inú ilé a ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, láti ẹ̀yìnkùlé sí pápá tí ó dákẹ́ rọ́rọ́, pẹ̀lú okùn gígùn bí ẹsẹ̀ bàtà 30 tí ń wọ́ tẹ̀ lé e nílẹ̀. Nítorí gígùn rẹ̀ tí ó ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ, kì í ṣe okùn tí a lè lò ní ibi tí òfin ọgbà ti béèrè okùn kúkúrú. Oṣù púpọ̀ lè kọjá kí a tó lè kó okùn náà kúrò.

Àṣìṣe méjì ni ó ń ba ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ jù lọ. Èkínní ni kí a pe ajá, kí ó wá, kí a sì nà án nítorí ohun tí ó ti ṣe ṣáájú. Ajá kò lè mọ̀ pé nítorí adìẹ tí ó lé ni a fi nà án. Ohun tí ó mọ̀ ni pé òun wá nígbà tí a pe òun, ẹgba sì ni òun bá. Bóyá ní ilé wa ni àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ jù. Èkejì ni kí a má ṣe pe ajá àfi nígbà tí a bá fẹ́ lọ sí ilé. Kò ní pẹ́ tí ajá yóò fi mọ̀ pé ìpè ni òpin ìgbádùn, yóò sì dúró ní òkèèrè máa wo ojú ẹni. Ẹni tí ó gbọ́n yóò pè é nígbà mẹ́wàá nínú ìrìn kan, yóò fún un ní ẹran tàbí kí ó fi ọwọ́ pa á lórí, yóò sì tún tú u sílẹ̀ kí ó máa sáré lọ. Fèrè dára ju ohùn lọ fún iṣẹ́ yìí, nítorí ìbínú kì í hàn nínú fèrè, afẹ́fẹ́ orí òkè kì í sì í tètè gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí bí a ti ń kọjá lọ: àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn láti fi òwe sọ ajá lórúkọ, kí aládùúgbò tí ó bá wọn ṣe ọ̀tá lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pe ajá wọn. Ó dùn ní àdúgbò, ṣùgbọ́n lórí òkè, tí ajá ti sáré jìnnà, kí ènìyàn tó pe òwe náà tán, ajá ti kọjá lọ sí ẹ̀yìn òkè. Bíńgò tó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi ẹnu gbígbẹ sọ, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ń bẹ̀rù ajá. Ẹni tí a bí ní Ìbàdàn tàbí ní Ìlọrin, tí ó gbọ́ láti kékeré nípa ajá dìgbòlugi, tí ó sì mọ ẹni tí ó kú ikú oró nítorí ìbùjẹ kan, kì í ṣe òmùgọ̀ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wárìrì nígbà tí ajá ńlá kan yọ sí i láti inú igbó. Lónìí pàápàá, láti ọ̀dọ̀ ajá ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àìsàn dìgbòlugi tí ń pa ènìyàn ní ayé ti ń wá. Òfin ìpínlẹ̀ California sọ abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ di dandan fún ajá, nítorí náà irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú kò rí ìwé abẹ́rẹ́ ní ọrùn ajá. Eyín ni ó rí. Olówó ajá yóò sì máa kígbe láti òkèèrè pé, “Ẹ má bẹ̀rù, kò ní bù yín jẹ, ọ̀rẹ́ gbogbo ènìyàn ni!” Àwa kò fẹ́ràn ìgbe yìí. Ẹni tí ajá rẹ̀ ń gbọ́ ìpè kò nílò rẹ̀. Yóò pe ajá rẹ̀, yóò so ó mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, yóò sì yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà títí àlejò yóò fi kọjá. Ohun tí òfin ń pè ní àṣẹ nìyẹn. Fún ìyá wa pẹ̀lú, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó má sáré, nítorí eré ni ó ń mú kí ajá lé ènìyàn. Kí ó dúró jẹ́ẹ́, kí ó rọ ọwọ́ sílẹ̀, kí ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí ajá náà, kí ó má sì tẹjú mọ́ ọn. Kí ó sì fi ohùn rara sọ fún olówó rẹ̀ pé kí ó fi okùn sí i. Kì í ṣe ìwọ̀sí láti béèrè bẹ́ẹ̀.

Màlúù tún ńkọ́? Ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò ní retí rẹ̀, ṣùgbọ́n màlúù ń jẹ̀ ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọgbà náà, àwọn alábòójútó ni wọ́n fi wọ́n síbẹ̀ kí koríko má baà ga jù, kí iná má baà rí ohun jó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Abo màlúù tí ó ní ọmọ kò fẹ́ rí ajá nítòsí. Ó lè kọ lu ajá, ajá yóò sì sá padà wá sí ọ̀dọ̀ olówó rẹ̀, màlúù a sì tẹ̀ lé e débẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ti rí màlúù, okùn di dandan, kí a rìn yí wọn ká, kí a má ṣe gba àárín ìyá àti ọmọ kọjá. Bí ajá bá sì jẹ́ èyí tí ń lé ẹran ọ̀sìn, ọ̀rọ̀ náà le ju bí àwọn kan ti rò lọ, nítorí òfin California gba olówó ẹran láàyè láti pa ajá tí ó bá ká mọ́ ibi tí ó ti ń pa ẹran ọ̀sìn rẹ̀ tàbí tí ó ń lé e kiri. Àwọn wa máa ń sọ pé ajá tí ó ní ẹni lẹ́yìn yóò pa ọ̀bọ. Lórí òkè wọ̀nyí, ẹni tí ó wà lẹ́yìn ajá ni yóò dáhùn fún ọ̀bọ náà.

Nípa ibi tí a lè lọ, púpọ̀ ni wọ́n, díẹ̀ ni a ó sì mẹ́nu kàn. Point Isabel, ní etí ọ̀sà ní ìlú Richmond, ni ọ̀pọ̀ alájá mọ̀ jù. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, ó ju 20 éékà lọ, ajá sì lè sáré níbẹ̀ láìsí okùn, kí ó bọ́ sínú omi ọ̀sà kí ó wẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ń wo afárá Golden Gate ní òdìkejì omi. Ibẹ̀ dára fún arúgbó tí kò lè gun òkè. Ṣùgbọ́n ajá pọ̀ níbẹ̀ bí ọjọ́ ọjà, nítorí náà kì í ṣe ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ajá tí ń tijú lè bẹ̀rù níbẹ̀. Kí a gbé omi mímu lọ pẹ̀lú, nítorí ajá tí òùngbẹ ń gbẹ yóò mu omi iyọ̀, inú rẹ̀ yóò sì ṣu kí ó tó dé ilé.

Ní orí òkè tí ó wà lẹ́yìn Oakland ni Redwood wà, tí a fi orúkọ igi gíga kan pè. Igi wọ̀nyí ga tó bẹ́ẹ̀ ní àtijọ́ tí àwọn awakọ̀ òkun fi ń wo orí wọn láti mọ ọ̀nà wọ inú ọ̀sà, kí a tó gé wọn lulẹ̀ ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún láti fi kọ́ San Francisco àti àwọn ìlú yòókù. Àwọn tí ó hù láti ẹsẹ̀ kùkùté wọn ni ó wà níbẹ̀ lónìí, òjìji wọn tutù, ó sì dára fún ajá ní ọjọ́ ooru. Bí a bá gba ọ̀nà tí ó tọ odò kékeré ibẹ̀, kí a má ṣe tú okùn, nítorí ẹja ń yé sínú odò náà. Ní Tilden, láti ibi tí wọ́n ń pè ní Inspiration Point, ọ̀nà kan tí à ń pè ní Nimitz Way gba orí òkè lọ ní ojú gbangba. Àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ pọ̀ lórí rẹ̀, màlúù sì ń jẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Apá kan nínú Tilden náà, tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé nípa ẹ̀dá, kò gba ajá rárá, bẹ́ẹ̀ ni ọgbà Huckleberry, tí ó jẹ́ pé nítorí àwọn igi tí ó ṣọ̀wọ́n ni a ṣe dá a sí.

Ní ibikíbi tí a bá lọ, ìgbẹ́ ajá di ọwọ́ ẹni tí ó mú un wá. A ó fi àpò kó o, a ó sì gbé àpò náà lọ. Àwọn kan ń kó o sínú àpò tán, wọn a sì gbé àpò náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pé àwọn yóò mú un bí àwọn bá ń padà bọ̀, wọn a sì gba ọ̀nà mìíràn lọ sí ilé. Kí ó wà nílẹ̀ bí ajá ti ṣu ú sàn ju èyí lọ.

Ó kù kí a sọ nípa àwọn ohun tí ń pa ajá lára. Kí ẹ̀yin òǹkàwé kọ́kọ́ mọ̀ pé ìgbà òtútù ni òjò ń rọ̀ ní California, ìgbà ooru sì ni ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Láti oṣù May lọ, àwọn òkè tí ó tutù yọ̀yọ̀ yóò di aláwọ̀ wúrà, koríko yóò gbẹ, ejò yóò sì jáde. Ejò ibẹ̀ tí ó ní oró ni rattlesnake, tí ń mi ìrù rẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kékeré. Ajá tí ó bá gbọ́ ìró yìí yóò fẹ́ lọ fi imú wádìí, nítorí náà imú ni ejò sábà máa ń bù jẹ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, kí a má ṣe fi abẹ gé ojú rẹ̀, kí a má fi okùn dì í, kí a má sì fi ẹnu fa oró. Kí a gbé ajá, bí agbára bá ká a, kí ó má baà rìn, kí a sì sáré gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko.

Ooru burú ju ejò lọ, nítorí òun a máa pa púpọ̀ láìpariwo. Ajá kì í làágùn bí ènìyàn; àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni òógùn díẹ̀ ti ń jáde, mímí hẹlẹhẹlẹ sì ni ó fi ń tu ara rẹ̀. Ajá onímú kúkúrú kò lè mí bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kí a fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀: bí ó bá jó wa, ó ń jó o. Ajá kì í sọ pé ó rẹ òun; yóò máa tẹ̀ lé olówó rẹ̀ títí yóò fi ṣubú.

Omi adágún pàápàá kò ṣeé fọkàn tán nígbà gbogbo. Ohun kan a máa dà sí ojú omi bí ẹni da ọ̀dà aláwọ̀ ewé sí i, oró sì ń bẹ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2015, àwọn ajá kú lẹ́yìn tí wọ́n ti wọ omi Lake Chabot, ọ̀kan nínú àwọn adágún ọgbà wọ̀nyí. Kì í ṣe mímu nìkan ni ó léwu. Ajá tí ó wẹ̀ yóò lá ara rẹ̀ nígbà tí ó bá jáde. Bí a bá rí pátákó ìkìlọ̀ tí a gbé sí etí omi, okùn ni.

Igi kan wà pẹ̀lú tí wọ́n ń pè ní poison oak, ewé rẹ̀ a máa wà ní mẹ́ta mẹ́ta. Kì í sábà pa ajá lára, ṣùgbọ́n òróró rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ irun ajá, ẹni tí ó bá sì fi ọwọ́ kan ajá náà nínú ilé yóò máa yún ara bí ẹni tí ó bá wèrèpè pàdé. Ọṣẹ àti omi ni oògùn rẹ̀, kí ajá tó gun orí àga.

Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù nínú gbogbo wọn ni koríko lásán kan, tí orí rẹ̀ dà bí ìrù kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, òun ni wọ́n fi ń pè é ní foxtail. Àwọn tí ó ti la pápá kọjá ní ilẹ̀ wa mọ èèmọ́ tí ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀wù. Ìyà rẹ̀ kò ju kí a jókòó kí a máa ṣa á kúrò. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Hóró rẹ̀ ní ìkọ́ wẹ́wẹ́ tí gbogbo wọn kọjú sí ẹ̀yìn, nítorí náà iwájú nìkan ni ó lè máa lọ. Ó lè wọ imú ajá, tàbí etí rẹ̀, tàbí àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó gún awọ ara, kí ó sì máa lọ nínú ẹran ara, kí ibẹ̀ ṣọyún. Ara kì í lè jẹrà lé e kí ó parẹ́. Ó di ọwọ́ dókítà ẹranko kí a tó lè yọ ọ́.

Nítorí náà ìrìn kò parí ní ìdí ọkọ̀. Kí a jókòó ti ajá ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí a fi ìka ya irun rẹ̀ láti orí dé ìrù, kí a wo inú etí, abẹ́ apá, àti àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan, kí a sì yọ eégbọn tí a bá rí. Bí ó bá ń sín léraléra láìdáwọ́ dúró, tàbí tí ó ń gbọn orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí ó ń lá ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ṣáá, kí a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà rẹ̀ kíákíá, kí a má ṣe dúró títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.